Láti Victor 884 dé Falcon 500: Kí Ló Yí Padà Nínú Controller?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ wo àpótí kékeré ọwọ́ mi yìí. Victor 884 ni, ọ̀kan lára àwọn controller, ìyẹn àpótí tó ń darí motor, ẹ̀rọ oníná tó ń yí ẹsẹ̀ tàbí apá rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá ti ń bá FIRST Robotics Competition, ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì ti Amẹ́ríkà, bọ̀ tipẹ́ á mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bu iná bátìrì fólítì 12 fún motor níwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Ńṣe ló ń tan iná náà, tó ń pa á, léraléra. Victor 884 ń ṣe é nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó jọ pé ó yá, àbí? Lójú motor, kò yá rárá. Bí iná tí ẹ fún un bá kéré, á ti gbẹ nínú wáyà motor kó tó tún tàn. Ìyẹn ni ẹ fi máa ti joystick, ọ̀pá tí ẹ fi ń wa rọ́bọ́ọ̀tì, díẹ̀ tí rọ́bọ́ọ̀tì ò ní mira. Ẹ tún tì í díẹ̀ sí i, ó ta kébé. Jaguar àti Talon, àwọn controller tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ń tan iná, wọ́n ń pa á, nígbà 15,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwakọ̀ wá dẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ bá mi wo òkè rẹ̀. Fáànù nìyí, ihò sì wà káàkiri. Bẹ́ẹ̀ a kì í yé lu ihò sára àlúmíníọ̀mù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rún kan ṣoṣo, tínrín bí irun, tó bá já sáàárín ẹsẹ̀ transistor, ẹ̀yà tó ń tan iná tó ń pa á, ó parí, ó jóná. Òórùn rẹ̀ á ti kọ́kọ́ sọ fún yín.

Talon SRX, controller míì tí wọ́n lò nínú ìdíje 2015, kò ní fáànù, kò ní ihò. Ara àlúmíníọ̀mù rẹ̀ ló ń gbé ooru jáde. Inú rẹ̀ gan-an ni wáyà ti wá, kò sí sukúrù tó máa dẹ̀. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o: bí ẹ bá gé wáyà yẹn kúrú jù, ẹ ò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ó tún ń fèsì. Victor 884 kàn ń gbàṣẹ ni. SRX ń gba orí CAN, wáyà méjì tí àwọn ẹ̀rọ inú rọ́bọ́ọ̀tì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, sọ iná tí motor ń fà àti bó ṣe gbóná tó.

Nígbà tó di 2020, motor kan tó ń jẹ́ Falcon 500 gbé controller wọnú motor fúnra rẹ̀. Wáyà pupa àti dúdú fún iná, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé fún CAN, ó tán. Ṣùgbọ́n bí controller bá jóná báyìí, odindi motor lẹ ó tú kúrò lára gíà.