Ewì Àwọn Tí A Mọ̀ Mọ́ Ìtàn Àròsọ

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ìwé, mo kí yín. Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tí òkìkí ìtàn àròsọ wọn ti bo ewì wọn mọ́lẹ̀. A wá ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ewì náà, bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni. Lójú tèmi, ewì ni púpọ̀ nínú wọn sá tọ̀ nígbà tí ìtàn àròsọ kò gba ohun tó wà nínú wọn mọ́.

Ẹ wo Chinua Achebe. Láti ọdún 1966 tí “A Man of the People” ti jáde títí di 1987, kò tẹ ìwé ìtàn àròsọ gígùn kankan fún àwọn àgbàlagbà. Ogun Biafra bẹ́ sáàárín. Ẹni tó ń kó ìdílé rẹ̀ sá kiri, níbo ló ti fẹ́ ráyè jókòó ti ìwé ńlá? Àkójọ ewì rẹ̀, “Beware, Soul Brother”, jáde lọ́dún 1971, ó sì wà lára ìwé tó gba Ẹ̀bùn Ewì Commonwealth lọ́dún 1972. Nínú ọ̀kan lára ewì tí ogun yẹn bí, ìyá kan ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń ya irun díẹ̀ tó kù lórí ọmọ rẹ̀ tí ebi ti sọ di eegun. Kò sí ọ̀gágun níbẹ̀, a ò sì gbọ́ ta ló dá ogun sílẹ̀. Ká ní ìtàn àròsọ ni, yóò di dandan kí ó ṣàlàyé.

Ti Thomas Hardy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún yàtọ̀: ewì ló kọ́kọ́ wù ú. Àwọn olóòtú ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn àròsọ ló wá ń bọ́ ọ. Nígbà tí “Jude the Obscure” jáde lọ́dún 1895, wọ́n bú u débi pé bíṣọ́ọ̀bù kan kéde pé òun ti ju ìwé náà sínú iná. Ọdún 1898 ló tẹ àkójọ ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́ni ọdún 58. Kò tún kọ ìtàn àròsọ gígùn mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 1928. Ewì rẹ̀ lé ní 900!

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni àwọn tó kọ lẹ́yìn tí Emma ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún 1912. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, àmọ́ ìfẹ́ ti di tútù láàárín wọn tipẹ́. Ikú dé tán ni ọkọ wá ń ṣàfẹ́rí ọmọge tó pàdé ní Cornwall lọ́dún 1870. Nínú “The Voice”, ó ń gbọ́ tí obìnrin náà ń pè é, kò sì mọ̀ bóyá atẹ́gùn lásán ni. Ẹ kà á sókè: nígbà tó kan ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, ìró ewì náà fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ kọ.

Ṣé gbogbo irú ewì bẹ́ẹ̀ ló dára? Rárá o. “Clarel”, ewì gígùn tí Herman Melville, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ̀ lọ́dún 1876, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlà 18,000; ẹni tí kò bá kà á parí, mi ò ní bá a wí. Ẹ wá “Shiloh” tirẹ̀ kà, ewì kékeré nípa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ní ti “Chamber Music”, àkójọ ewì tí James Joyce, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, gbé jáde lọ́dún 1907, ó dùn ún kọ lórin, àwọn olórin sì ti lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ò rí ọwọ́ tó kọ “Dubliners”, ìwé ìtàn kéékèèké rẹ̀, níbẹ̀.