Owó Ìlérí Kì í San Owó Ilé-ìwé

Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán ni. Èmi ni mo fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, iye tí oníkálukú pè, iye tó ti san. Ọdún tí mo ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń kówó jọ fún àwọn ọmọ ìlú wa ni mo fà á. Ẹ wo ìlà kejì, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ wá wo ìlà kẹta. Funfun báláú ni.

Ká ní ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe lọ́ńṣìn náà ni, ẹ ó sọ pé gbogbo ọmọ ìlú wa ni yóò di dókítà. Gbọ̀ngàn kún, onígángan ń ki àwọn ẹni ńlá bí wọ́n ṣe ń wọlé. Olórí afilọ́lẹ̀ dìde, ó ṣẹ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó gba gbohùngbohùn, ó ní: "Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ wá…" Gángan ti dá a lóhùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó pe iye kan, gbogbo ilé hó yèè. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò sì ní gbà kí tòun kéré. Bẹ́ẹ̀ ni owó ń gorí owó, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún ayọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, èmi yìí kan náà ni mò ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kan ní kí n padà wá lẹ́yìn Iléyá. Òmíràn ní owó ìyàwó òun ni òun pè mọ́ ọn, kí n lọ bá ìyàwó. Ẹlòmíràn ò gbé fóònù mi mọ́ títí di òní olónìí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí nìyẹn: bí ìlú tàbí ẹgbẹ́ ṣe ń dáwó jọ láti fi rán ọmọ nílé-ìwé, tí owó náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ lóòótọ́.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ní Ọ̀ffà, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú náà ló wà nídìí Ọ̀ffà Grammar School ní 1943. Ẹ rántí pé ìjọba òyìnbó kò yára kọ́ ilé-ìwé girama fún ẹnikẹ́ni. Ìlú tí kò bá ní ìjọ Ọlọ́run tó fẹ́ kọ́ ọ, àfi kí ó tu àpò ara rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà fún. Ọmọ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, owó ni.

Àwa nìkan kọ́ náà la mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn Ibibio, lápá Gúúsù Ìlà-Oòrùn, rán ọmọ 6 lọ sí òkè òkun ní 1938. Owó ìlú ni wọ́n fi rán wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ni ti Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní 1925. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í rílé gbà nígbà yẹn, nítorí onílé á kàn wo àwọ̀ ara wọn ni, á ti ilẹ̀kùn. Solanke ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀. Kí ló wá ṣe? Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó padà wálé ní 1929, ó sì ń rìn láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di 1932. Ó ń bá ọba sọ̀rọ̀, ó ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ọdún mẹ́ta! Ní 1933, ilé náà ṣílẹ̀kùn ní Camden Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro mí níbi tí mo ti ń sin owó ìlérí, Solanke ni mo máa ń rántí.

Ó dáa. Kí ni owó ìlú fẹ́ san lóde òní? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà. Òfin UBE ti 2004 ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún 9 àkọ́kọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀fẹ́ tí a ń wí yìí kò ra yúnifọ́ọ̀mù, kò ra bàtà, kò ra ìwé. Síbẹ̀, lẹ́yìn JSS 3 gan-an ni ọ̀rọ̀ ń le. Ní yunifásítì, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yáni lówó ilé-ìwé, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti 2024, ṣùgbọ́n owó yíyá ni, ọmọ máa dá a padà. Láàárín méjèèjì ni ọmọ SS 3 wà, tó kàwé dé ẹnu ọ̀nà, tí kò rí owó WAEC san. Mo ti rí ọmọ tó jókòó sílé lọ́dún tó yẹ kó ṣe ìdánwò, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Bó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ da owó ìlú sí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní èèyàn 60 ló wà nínú ẹgbẹ́ yín, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦2,000 lóṣù. ₦120,000 nìyẹn lóṣù kan. Ní ọdún, ó di ₦1,440,000. Kò sí àsè, kò sí tẹ́ǹtì, kò sí pé à ń se ìrẹsì fún ẹni tó wá pe owó tí kò ní san. Àwa tí a ti ń dá èésú kí òyìnbó tó mú báńkì dé, tí ọ̀rọ̀ náà bá àwọn baba wa rékọjá òkun títí dé Trinidad níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu, kí ló wá ṣòro nínú dídáwó lóṣooṣù? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé èésú yóò kàn ọ́ lọ́jọ́ kan, ìwọ náà á sì kó tìrẹ. Eléyìí ò ní kàn ọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ló ń kó o. Ẹ sọ ọ́ fún ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí.

N kò sọ pé kí ẹ má ṣe lọ́ńṣìn o. Ẹ ṣe é, ó ń mú kí ìlú mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Ṣùgbọ́n owó tó bá wọlé ní wàrà-ń-ṣe-ṣà lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ kà. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn obìnrin wa mọ̀ dunjú: aṣọ ẹbí. Ẹgbẹ́ á ra aṣọ lọ́pọ̀, á fi èrè díẹ̀ lé e, èrè á wọ àpò sikọ́láṣíìpù. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ti rí àwọn régbérégbé nínú aṣọ wọn, ẹgbẹ́ kan kò jọ òmíràn. Ẹ wá rò ó wò, bí orí aṣọ kọ̀ọ̀kan bá ru owó ìwé kan.

Owó ti wà nílẹ̀ wàyí. Ta ni yóò mú un dání? Ẹ má jẹ́ kó wọ àkáǹtì ẹnì kan, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Èèyàn lè kú. Èèyàn lè ṣàìsàn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé owó baba àwọn ni. Bí ẹ bá fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ apá F nínú òfin CAMA ti 2020, ẹgbẹ́ á di ẹni tó lè dá dúró fúnra rẹ̀, báńkì á sì ṣí àkáǹtì lórúkọ rẹ̀. Kí ó tó ẹni mẹ́ta tí yóò máa fọwọ́ sí i, kí owó má ṣe jáde bí kò bá sí ọwọ́ ẹni méjì níbẹ̀. Ilé-ìwé ni kí ẹ sanwó fún tààrà, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má kó o fún òbí. Ebi lè wà nílé, kò sì sí ẹni tó máa fi owó ilé-ìwé pamọ́ nígbà tí ọmọ kékeré ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ yíyan ọmọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ alága kọ́, àbúrò akápò kọ́. Ẹ bi àwọn olùkọ́ léèrè, àwọn ló mọ ẹni tí wọ́n ń lé padà sílé nítorí owó, tó tún ń yọjú láti ojú fèrèsé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sórí ìwé, kì í ṣe orúkọ. Ọmọ mẹ́rin tí ẹ bá sanwó fún títí wọ́n fi jáde, ó sàn ju ogójì tí ẹ fún ní owó pẹ́ńsùlù. Ohun kan tún wà tí mo kórìíra bí ẹ̀gbin: kí wọ́n gbé ọmọ sórí pèpéle, kó wà lórí ìkúnlẹ̀, kí àwọn ẹni ńlá gbé páálí tí wọ́n kọ iye owó sí sókè lórí ọmọ náà, kí wọ́n máa ya fọ́tò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa rí fọ́tò yẹn lórí Facebook. Ọdún kan péré ni ẹ sanwó fún. Fọ́tò náà kò ní kúrò níbẹ̀.

Ìwé kejì tí mo ń lò báyìí nìyí. Kò sí ìlà ìlérí nínú rẹ̀ rárá. Oṣù 12 ni mo fà sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ya fọ́tò rẹ̀ sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí oṣù bá parí, kí kálukú rí i. Ẹ wo oṣù tó kọjá. Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé orúkọ akọ̀wé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pa fídíò yìí kí n lọ sanwó.