Ọkọ̀ Fọ́, Ẹ̀mí Kan Ò Sọnù: Àṣẹ Ọlọ́run àti Ìpinnu Ọmọ Ènìyàn
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ Ìwé Mímọ́ ní Àgbádárìgì

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa yìí. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà náà ti dé. Ìhìn rere kan náà ni wọ́n gbé wá, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìjọ méjèèjì kì í sábà fi ohùn kan dáhùn: bí Ọlọ́run bá ti pinnu, kí ló kù fún ènìyàn láti yàn? John Wesley, baba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ta ko ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run ti ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún ègbé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú àlàyé ìgbàgbọ́ 39 tí àwọn Áńgílíkà ní, ìkẹtàdínlógún dá lórí yíyàn tí Ọlọ́run ti yàn tẹ́lẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà ni Wesley fúnra rẹ̀ títí ó fi kú, nítorí náà ìjà inú ilé ni.

Kí a tó wọ inú ìjà náà, ọ̀rọ̀ kan wà lédè wa tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí olùkọ́ bá ka Róòmù 8:29-30, tó dé ibi “yàn tẹ́lẹ̀”, àyànmọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́. Ọkàn wọn á lọ sí àkúnlẹ̀yàn, orí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn kó tó wáyé, wọ́n á sì ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ kọ́ nìyẹn. Nínú àkúnlẹ̀yàn, ènìyàn ló yàn. Nínú Róòmù, Ọlọ́run ló yàn, ohun tó sì yàn wọ́n sí ni kí wọ́n lè jọ Ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ náà kò sọ̀rọ̀ ẹni tí wàá fẹ́, iṣẹ́ tí wàá ṣe, tàbí ọjọ́ tí òṣì yóò tán. Olùkọ́ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ń fi ohùn Pọ́ọ̀lù kọ́ni ní ohun tí Pọ́ọ̀lù kò sọ.

Ní ti ìjà náà: Pelagius, olùkọ́ ìgbàgbọ́ kan láyé àtijọ́, ní ènìyàn lè fi agbára ara rẹ̀ ṣe rere láìsí pé oore-ọ̀fẹ́ kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Àríwá Áfíríkà, ta kò ó, ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Carthage níbẹ̀ ní 418 sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni John Calvin kọ́ni pé Ọlọ́run nìkan ló pinnu ẹni tí yóò là. Ní 1610, àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Netherlands, gbé kókó márùn-ún kalẹ̀ láti ta ko ẹ̀kọ́ yẹn. Ìpàdé àwọn aṣáájú ìjọ ní Dort, ní Netherlands kan náà, láti 1618 sí 1619, kọ kókó wọ̀nyí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹlẹ́yìn Calvin pe ẹlẹ́yìn Wesley ní ọmọ Pelagius. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wesley gbà pé òkú ni ènìyàn nínú ẹ̀ṣẹ̀, àti pé oore-ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó lè dáhùn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bóyá ènìyàn lè kọ oore-ọ̀fẹ́ náà.

Ní etí ọ̀sà bíi tiwa, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27 ni ibi tó dára jù láti ti kọ́ èyí. Ìjì ń gbá ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Róòmù, ènìyàn 276 sì wà nínú rẹ̀. Ní ẹsẹ 22, lẹ́yìn tí áńgẹ́lì Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀ lóru, Pọ́ọ̀lù ní ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kò ní sọnù, àfi ọkọ̀. Kò sí “bí” kankan níbẹ̀. Ní òru kẹrìnlá, àwọn atukọ̀ wọn omi, ó jìn tó nǹkan bíi mítà 36. Wọ́n tún un wọ̀n, ó ti di 27. Ẹni tó bá mọ omi mọ̀ pé ilẹ̀ ti sún mọ́ nìyẹn, òkúta sì lè wà níwájú. Wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Làwọn atukọ̀ bá ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni fẹ́ ju ìdákọ̀ró níwájú, àṣé wọ́n fẹ́ sá lọ ni. Ní ẹsẹ 31, Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, ẹ ò ní là.

Ìlérí tí kò ní “bí” ti wá ní “bí” báyìí. Ẹlẹ́yìn Arminius yóò ní ó ti fara sin nínú ìlérí náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́yìn Calvin yóò ní ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni Ọlọ́run fi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Èyí tí kò sẹ́ni tó lè sẹ́ nínú wọn ni pé Pọ́ọ̀lù kò jókòó sùn torí pé áńgẹ́lì ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹun, wọ́n da ọkà sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ẹni tó mọ ìwẹ̀ kọ́kọ́ bẹ́ sómi, àwọn yòókù di pákó mú. Gbogbo wọn gúnlẹ̀.

Níbí ni a ti ń mọ òtítọ́ yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá ní Ọlọ́run ti parí rẹ̀, nítorí náà kí aláìsàn má lọ sí ọsibítù, ó mú ẹsẹ 22, ó fa ẹsẹ 31 ya. Má tìtorí pé àgbà wòlíì ló sọ ọ́ gbà á: nínú 1 Àwọn Ọba 13, àgbà wòlíì kan purọ́ pé áńgẹ́lì ló rán òun, ènìyàn Ọlọ́run tó gbà á gbọ́ tako àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà, kìnnìún sì pa á. Bí ẹnìkan bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ọ, kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kọ déètì sí i, torí ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà tí kò bá ṣẹ. Gbé e fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kò ní èrè kankan nínú rẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 14:29 ní kí àwọn yòókù ṣe ìdájọ́. Kó tó di pé o ta ilẹ̀ tàbí o fọ́ ìgbéyàwó nítorí rẹ̀ ni kí o ṣe èyí, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni ti Jónà: ó ní lẹ́yìn ogójì ọjọ́ Nínéfè yóò parun, kò sì parun. Ṣé wòlíì èké ni? Rárá. Jeremáyà 18:7-10 ti ṣàlàyé rẹ̀: bí orílẹ̀-èdè tí a kìlọ̀ fún bá yípadà, Ọlọ́run yóò dá ibi náà dúró. Ìrònúpìwàdà ni “bí” tirẹ̀, ó sì ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ máa wo “bí” tí àwọn kan ń mú jáde lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá: pé owó irúgbìn rẹ kò pé, pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó wà nínú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.