Ìdí Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Nílò fún Àròkọ Alárìíyànjiyàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ wo orí ọ̀rọ̀ tí mo kọ sójú pátákó yìí: "Èdè abínibí ló yẹ kí a fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní òun fara mọ́ ọn ti yan ìhà. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ tó bá dé ìpínrọ̀ kẹta.

Ẹ wá bi í pé, kí ló dé? Ó ní, "Torí pé ohun tí a bá fi èdè ilé sọ máa ń tètè yé ọmọ." Ìdí nìyẹn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dúró sí, tí wọ́n á máa pa òwe lé òwe. Òwe ń mú ọ̀rọ̀ dùn, àmọ́ ẹ̀rí ni ohun tí ẹlòmíì lè lọ yẹ̀ wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6. Àwọn yòókù bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì 4. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ ò rí i pé ìdí ọ̀hún ti rí ẹsẹ̀ dúró lé?

Ó ku àtakò. Ọmọ Ìgbò tó wà ní kíláàsì ní Ìbàdàn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fò ó. Ó lè gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀, kó wá ṣàlàyé pé ní ìlú tí gbogbo ọmọ ti jọ ń sọ èdè kan, ọ̀rọ̀ òun ṣì dúró. Ìfèsì là ń pe èyí. Tèmi ni pé ibẹ̀ ló yẹ kí máàkì pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ lọmọ ti ń ronú.

Ìpàrọwà yàtọ̀ díẹ̀: a fẹ́ kí ẹnì kan dìde ṣe nǹkan. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ará Gíríìsì, ní ohun mẹ́ta ló ń yí ọkàn padà: ìwà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bó ṣe rí lára olùgbọ́, àti làákàyè inú ọ̀rọ̀ náà. Nínú lẹ́tà sí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ìtàn àbúrò kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì torí Gẹ̀ẹ́sì ní àyè tirẹ̀, torí ó ń wọ olùgbọ́ lára.

Ní kíláàsì tó ń bọ̀, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ àtakò tó lágbára jù sí ìhà tó yàn. Ẹ gba ìwé wọn, ẹ pín in fún ẹlòmíì, kí onítọ̀hún fèsì.