Ọgbà Ẹranko Jersey, Ìmọ̀ Ọdẹ, àti Akíka Ilẹ̀ Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọdẹ, àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Kábà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ fi igbó sílẹ̀ wá síbí lónìí, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ọ̀kun o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọgbà ẹranko. Mo lè sọ ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fojú rí ẹranko tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti débẹ̀. Èyí tí mo mú wá lónìí jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà ní Jersey, erékùsù kékeré kan tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Mo yàn án nítorí pé ìmọ̀ àwọn ọdẹ aláwọ̀ dúdú wà nídìí rẹ̀, àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sì í sábà fi ìyẹn ṣáájú.

Gerald Durrell, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, lẹni tó dá a sílẹ̀. Láti 1947 ló ti ń wá sí Kamẹrúùnù, tó bá wa pààlà, láti kó ẹranko lọ fún àwọn ọgbà ẹranko ìlú rẹ̀. Nígbà tó dé Bafut, Fọ́n, ìyẹn ọba ìlú náà, Achirimbi Kejì, gbà á lálejò, àwọn ọdẹ ìlú sì kó ajá wọn jáde. Àwọn ni wọ́n mọ ihò tí ẹranko wọ̀. Àwọn ni wọ́n mọ igi tó ń sùn sí àti wákàtí tó ń jáde. Bí kì í bá ṣe tiwọn, òwúrọ̀ ni Durrell ì bá wọ igbó, alẹ́ ni ì bá padà dé, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣófo.

Ní 1957, ó tún kó ẹranko láti Bafut, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò fẹ́ kó wọn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fẹ́ ọgbà tirẹ̀, kò sì rí ilẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Bournemouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kó wọn sí, títí tó fi rí ilé ńlá àtijọ́ kan ní Jersey. Ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1959 ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Nígbà tó di 1963, ó fà á lé àjọ kan lọ́wọ́. Ẹyẹ dodo ti erékùsù Mauritius ni wọ́n fi ṣe àmì wọn: ẹyẹ tí kò lè fò, tí àwọn atukọ̀ àti àwọn ẹranko tí wọ́n kó wá pa run pátápátá kí 1700 tó pé.

Lójú tèmi, àmì yẹn ti sọ gbogbo iṣẹ́ wọn. Láyé ìgbà náà, ìran wíwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọgbà ẹranko sí. Durrell ní rárá, ẹranko tó fẹ́ parun ni kí a máa tọ́jú, kí ó bímọ, kí àwọn ọmọ náà sì padà sí igbó.

Ibi tí èyí ti yọrí jù lọ, Mauritius ni, ìlú dodo fúnra rẹ̀. Àṣá kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Ní 1974, 4 péré ni wọ́n mọ̀ pé ó kù nínú igbó. Wọ́n ti gé igbó rẹ̀, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní DDT ti wọ inú ara rẹ̀, àwọn ọ̀bọ àti ológbò tí ènìyàn kó dé sì ń ṣe é ní jàǹbá. Ní 1979, ọmọ Wales kan, Carl Jones, débẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó lọ parí ètò náà, nítorí wọ́n ti sọ̀rètí nù. Kò parí rẹ̀.

Ẹ fetí sí ohun tó ṣe, ẹ̀yin ìyá tí ń sin adìẹ. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá kó ẹyin lábẹ́ adìẹ, yóò tún yé òmíràn. Ohun tí Jones fi gbà wọ́n là nìyẹn. Wọ́n á gun àpáta gàgàrà lọ sí ihò tí àṣá yé sí, wọ́n á rọra kó ẹyin àkọ́kọ́, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìyá tó sàba. Àṣá á tún yé, á sì tọ́ àwọn yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn tó pa nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ wọn ní ẹran gígé wẹ́wẹ́. Wọ́n ń gbé eku fún àwọn tó wà nínú igbó pẹ̀lú, kí wọ́n lè lókun láti yé sí i. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1990 sí 1999, àṣá tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ti ju 300 lọ. Ẹyẹlé pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ku bíi 10 nínú igbó ní 1991 náà ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwọn ọmọ ìlú ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Jersey, ọmọ Mauritius ni, Yousoof Mungroo, ní 1977. Ó padà sílé, ó sì di olórí ọgbà igbó ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1994.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wálé. Akíka ni mo fẹ́ sọ. Ẹranko òru ni, kò ní eyín, kòkòrò bí èèrà àti ikán ló ń jẹ. Tí ẹ̀rù bá bà á, a ká jọ, a di òṣùṣù. Ìyẹn gbà á lọ́wọ́ ẹkùn, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí ńṣe lènìyàn kàn ń gbé e. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà á sì gùn ún níbi ìdí ìrù. Ìpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó gba orílẹ̀-èdè wa kọjá lọ sí Éṣíà. Òfin wa tó dáàbò bo irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1985, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko sì ti ka irú akíka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ léèwọ̀ fún títà láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láti ìpàdé 2016.

Ohun tí Jersey ṣe fún ẹyẹ, ó ṣòro láti ṣe fún akíka. Ta ni yóò máa rí èèrà àti ikán kó fún un lójoojúmọ́? Ìbẹ̀rù nìkan ti tó láti mú un ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbé sínú àhámọ́ ló kú kí ó tó pẹ́. Nítorí náà, bí akíka bá fẹ́ kù ní ilẹ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà, àwọn igbó tí àwọn tí ń sun èédú kò tíì dé ni yóò ti kù, ẹ̀yin ọdẹ lẹ sì mọ̀ wọ́n. Ohun tí àwọn ará Bafut mọ̀, tí òyìnbó tọ̀ wọ́n wá nítorí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ọdẹ tó bá rí akíka, kó jẹ́ kó kọjá. Kó wá sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó jókòó lẹ́yìn yẹn, kí wọ́n kọ orúkọ igbó náà, oṣù tó rí i, àti bóyá ọmọ wà lára rẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ ni kí ìwé náà máa gbé, kí ẹni tó ń ra ìpẹ́ má sì rí i.