Abẹ́rẹ́ Ajá, Abẹ́rẹ́ Ọmọ Ni

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn yìí ní Àkúrẹ́, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá àti ológbò. Ọmọ ènìyàn ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ẹran, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Òkè-Àró. Ajá wọn ti kú láti bí oṣù méjì, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó pa á. Nígbà tí mo wọlé, ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan jókòó sórí ẹní, ìyá rẹ̀ gbé ife omi sí i lẹ́nu. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ gba ife. Bí omi ṣe kan ètè rẹ̀ báyìí, ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, omi dà sí i láyà. Ó tún ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i. Àpá kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ, ó ti jinná. Ajá yẹn ló fi eyín hó o níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣeré. Wọ́n fi epo pupa pa á lójú, ọ̀rọ̀ sì tán lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ ohun tí mo ń wò. Ìyá rẹ̀ ò tíì mọ̀.

Bí ajá yẹn bá gba abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún yẹn ni, ọmọ yẹn ì bá wà láyé. Ohun tí mo bá wá nìyí, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí a ó fi dìde: abẹ́rẹ́ ajá, abẹ́rẹ́ ọmọ ni.

Dìgbòlugi ló pa ọmọ náà, itọ́ ló sì ń gbé àrùn yìí. Tó bá ti gba ojú ọgbẹ́ wọlé, kì í bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn kiri bí ibà. Inú iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ló ń gbà, á máa rá lọ díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń gun òkè Ìdànrè. Ó sábà máa ń gbà á ní oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó dé ọpọlọ. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọdún kan. Bó bá jẹ́ ojú tàbí ọrùn ni ajá ti buni jẹ, ọ̀nà ò jìn mọ́. Ọmọdé sì rèé, ojú rẹ̀ àti ẹnu ajá jọ ga dọ́gba ni. Nínú 100 ènìyàn tí ajá tí a fura sí pé ó ní àrùn náà bù jẹ káyé, nǹkan bí 40 ni kò tíì pé ọdún 15. Àwọn tí dìgbòlugi ń pa lọ́dún kan tó bí 59,000, itọ́ ajá ló sì fa bíi 99 nínú 100 wọn.

Níwọ̀n ìgbà tí àrùn náà bá ṣì wà lójú ọ̀nà, ọṣẹ, omi àti abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn lè dá a dúró. Tó bá ti dé ọpọlọ, tí omi ti ń ba ènìyàn lẹ́rù, ó ti kọjá àgbo, ó ti kọjá dókítà. Ó sì dùn mí, torí kì í ṣe àná la mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur gbà kí wọ́n gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní Paris, ọmọ náà sì yè.

Àwọn kan wà nílùú yìí, àwọn tó kàwé pàápàá wà nínú wọn, tó ń sọ pé ajá ìbílẹ̀ lágbára, pé ajá òyìnbó nìkan ló nílò abẹ́rẹ́. Irọ́ tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ ni. Ajá òyìnbó tí ẹ tì mọ́ ọgbà ní Ìjàpọ̀, ta ló ń rí i? Èyí tó ń jẹ̀ kiri ní Arákàlẹ̀, tó ń sin ọmọ lọ síléèwé, tó ń bá ọdẹ wọgbó, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà ò ní rí ẹni gùn kọjá mọ́. Ajá inú ọgbà nìkan ò lè pé 70. Mẹ́síkò gbé abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tọ àwọn ajá lọ ládùúgbò-ládùúgbò, lọ́dọọdún. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé dìgbòlugi ajá ò pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì sọ pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí. Wọ́n ń ṣe é ní Vom, lẹ́bàá Jos, níbi tí ilé ìwádìí àrùn ẹran wa ti wà láti 1924. Bí yóò ṣe tutù títí dé Àkúrẹ́ ni wàhálà, torí kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Celsius lọ. Ẹnì kan gbé ìgò abẹ́rẹ́ kan wá bá mi, inú àpò ṣòkòtò ló ti yọ ọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ó ti fi irú rẹ̀ gún ajá mọ́kànlá ládùúgbò rẹ̀, ó sì ti gbowó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ẹni tó mọ̀ pé ajá òun ò gbabẹ́rẹ́ á ṣì máa ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ tàn jẹ ò ní ṣọ́ra.

Ibi tí mo dé nìyí tí alága fi na ìka márùn-ún sí mi, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, nítorí náà mo sáré sọ ìyókù. Parvo, tó ń mú ọmọ ajá yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tó mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ máa ń pa abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ti dìgbòlugi, ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì tún un gún lọ́dọọdún. Ológbò náà ń kó dìgbòlugi, ó sì ní àrùn tirẹ̀ tó bá parvo tan. Ẹ gbé e wá.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn. “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹdó ni mo ti wá, ẹran ajá ni mò ń sè tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ̀ ń jẹ ẹ́. Dókítà, ẹ ò tíì sọ tèmi.”

Mo bi í pé, “Ìyá, ta ló ń ta ajá fún yín?”

“Onílé ló ń pè wá. Wọ́n á ní ìwà rẹ̀ ti yí padà, tàbí pé ó ti bu ọmọ jẹ, kí n wá mú un kúrò níwájú àwọn. Irú ẹ̀ kì í wọ́n.”

Mo pa ìwé mi dé. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ìyá yìí ló mọ ibi tó ń já sí. Ajá tó bá buni jẹ, ńṣe ló yẹ ká so ó mọ́lẹ̀, ká máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tí ó bá ṣì wà láàyè, tí ara rẹ̀ dá, a mọ̀ pé itọ́ rẹ̀ ò ní àrùn lọ́jọ́ tó buni jẹ. Ẹ tà á, ẹ pa á, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí. Ẹni tó jẹ ẹran tó jinná dáadáa kọ́ ló wà nínú ewu, iná á ti pa àrùn náà. Ẹni tó ń la orí ni, tó ń fọwọ́ kan ọpọlọ àti itọ́.

Ìyá náà gbé ọwọ́ òsì sókè. Àkísà kékeré wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀. “Ti àárọ̀ yìí ńkọ́, kí n tó wọkọ̀? Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló yọ mí lọ́wọ́.”

Mo sọ̀kalẹ̀. A jọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹnì kan mú ọṣẹ wá, mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú 15 bí omi ṣe ń ṣàn lórí ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ó fi ọwọ́ kejì pe ọmọ rẹ̀ ní Òǹdó: “Orí ajá àárọ̀ yẹn, ṣé ẹ ò tíì sè é? Ẹ má sè é o. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ wá yìnyín gbé e sí, Dókítà ń bọ̀ wá mú un lọ yẹ̀ wò.”