Ojú Tí Àwọn Ọ̀rẹ́ Fi Rí Mussorgsky

Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ wo ọkùnrin inú àwòrán yìí dáadáa. Irun rẹ̀ rí jágajàga, imú rẹ̀ pọ́n, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà. Aṣọ tí aláìsàn ń wọ̀ nínú yàrá ló wà lọ́rùn rẹ̀. Modest Mussorgsky nìyẹn, ọmọ Rọ́ṣíà tó kọ ọ́pẹ́rà Boris Godunov, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe. Ayàwòrán Ilya Repin, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló yà á ní oṣù kẹta ọdún 1881, nílé ìwòsàn àwọn ṣọ́jà ní St. Petersburg. Àwòrán yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó rí èyí nìkan kò tíì mọ Mussorgsky.

Ọdún 1856 ńkọ́? Ilé ìwòsàn ṣọ́jà kan ní St. Petersburg ni. Alexander Borodin, dókítà tí òun náà máa di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí orin, wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó pàdé ọ̀gá ṣọ́jà kékeré kan, ọmọ ọdún 17. Borodin kò gbàgbé ọmọ náà láé. Ó ní aṣọ ṣọ́jà bá a lára mu régé, ìpara ń dán lórí irun rẹ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá ti jókòó sídìí dùùrù, àwọn obìnrin á yí i ká, wọ́n á máa kan sáárá sí i. Mussorgsky kan náà ni o.

Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nítorí orin. Nígbà tí ọba Rọ́ṣíà dá àwọn àgbẹ̀ tó wà lóko ẹrú sílẹ̀ ní 1861, owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ látorí ilẹ̀ wọn já wálẹ̀, ló bá di akọ̀wé ìjọba.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyí. Ní 1871, òun àti Nikolai Rimsky-Korsakov jọ gba yàrá kan ṣoṣo. Olórin méjì, dùùrù kan! Rimsky-Korsakov ròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é: láàárọ̀ títí di ọ̀sán, Mussorgsky ló ni dùùrù, òun á máa da orin kọ. Tó bá di ọ̀sán, Mussorgsky á gba ọ́fíìsì lọ, dùùrù á bọ́ sọ́wọ́ òun. Tó bá di alẹ́, wọ́n á jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa lò ó. Inú yàrá yẹn ni Mussorgsky ti tún Boris ṣe, lẹ́yìn tí àwọn alákòóso tíátà ti dá a padà, torí pé kò sí ipa gidi fún obìnrin nínú rẹ̀.

Rimsky-Korsakov gbéyàwó ní 1872, yàrá náà sì tú. Òun náà ló sọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe wá ń pẹ́ nídìí ọtí nílé oúnjẹ kan.

Nígbà tí àìsàn gbé Mussorgsky ṣánlẹ̀ ní 1881, ṣọ́jà nìkan ni ilé ìwòsàn tí Repin ti yà á wà fún. Dókítà Lev Bertensson kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ìránṣẹ́ ara rẹ̀, kí wọ́n lè gbà á wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Repin fi yà á. Kò rí igi gbé àwòrán lé, ó kàn lẹ̀ mọ́ tábìlì kékeré kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, Mussorgsky kú, ọmọ ọdún 42. Tretyakov, olówó kan tó ń kó àwòrán jọ, ra àwòrán náà, Repin kò sì fi owó rẹ̀ sápò. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìrántí ọ̀rẹ́ rẹ̀.